Igbó Ọ̀ṣun ò kún ojú àwọ̀n kan

Tọ́sìdeè. Iná ò dé títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láptọ́ọ̀pù mi kú kí n tó ka gbogbo ohun táwọn tó yẹ pépà wa lórí ọ̀bọ mona inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wò kọ ránṣẹ́. Ìwọ̀nba tí mo kà náà tó bí mi nínú jàre. Ọ̀kan nínú wọn ní iṣẹ́ náà dáa, ọ̀nà tá a gbé e gbà dáa, àmọ́ ibi tá a ti ṣe é kéré jù, hẹ́kítà 75 péré, kí ló dé tá ò kúkú ṣe gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Igbó Ọ̀ṣun ló ń bá wí bẹ́ẹ̀ o. Igbó tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé lọ́dún 2005, tí Àdùnní Olórìṣà fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí wọ́n má gé e tà.

Kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò sí nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tá à ń ṣe ni pé a ó kó gbogbo ibi tí wọ́n ti fojú rí ọ̀bọ jọ, a ó kó máàpù òjò, ooru, igi, odò, ọ̀nà mọ́tò àti ilé, a ó da gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, òun á wá fi ibi tí wọ́n ti rí i wé ibi yòókù, á ní ibí yìí jọ ibi tí ọ̀bọ lè gbé, tọ̀hún ò jọ ọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní MaxEnt lọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe é, láti 2006 ni pépà ẹ̀ ti jáde, ọ̀fẹ́ ni. R tá a fi ń ṣe ìṣirò náà, ọ̀fẹ́. Fọ́tò sátẹ́láìtì Landsat tó ti ń ya ilẹ̀ ayé láti 1972, ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà tó ní kí gbogbo èèyàn máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ yìí ló sọ mí di lẹ́kíṣọ̀, kì í ṣe àsọdùn. Inú ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022 ni mo jókòó sílé kọ́ R, owó oṣù ò wọlé, dátà fóònù nìkan ni mò ń tiraka rà, ọkọ mi á ní ṣé ọ̀bọ ló máa bọ́ wa ni.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Máàpù ojú ọjọ́ tí gbogbo ayé ń lò, WorldClim, èyí tó kúnná jù nínú ẹ̀, bí ojú àwọ̀n ni wọ́n pín in, iye kan ṣoṣo ni ojú kọ̀ọ̀kan ní, ojú kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan níbùú lóòró, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hẹ́kítà 100. Igbó wa jẹ́ 75. Tó túmọ̀ sí pé odò, ojúbọ, igi, ọ̀bọ, gbogbo ẹ̀ pátá ò kún ojú àwọ̀n kan ṣoṣo, ẹja ti bá ibẹ̀ lọ. Tí mo bá ṣe é bí ẹni yẹn ṣe fẹ́, láti Gánà dé Kamẹrúùnù níbi tí ọ̀bọ mona ń gbé, àwọ̀ kan náà ni igbó Ọ̀ṣun àti òrùlé àwọn ará Òṣogbo máa ní. Pépà ọ̀hún á sì tètè jáde! Wọ́n á kà á fún mi lọ́jọ́ tọ́rọ̀ ìgbéga bá dé, torí iye pépà àti orúkọ jọ́nà, ìyẹn ìwé tó gbé pépà jáde, ni wọ́n máa ń wò, kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn bóyá ó wọ igbó. Mi ò ní máàpù ńlá ò wúlò o, ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mona ń dínkù láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, òun ló máa lò. Àmọ́ ẹni tí ọ̀bọ ń ṣí ìkòkò ẹ̀ ńkọ́?

Láàárọ̀, èmi àti ọmọ tí mò ń bójú tó iṣẹ́ Másítà ẹ̀ lọ sílé ìyá kan tó ń ta gààrí, ẹ̀yìnkùlé wọn kọjú sí igbó. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó ṣí máàpù ẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Gbogbo etí títì ló pupa, pé ibẹ̀ lọ̀bọ wà, torí orí títì lòun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dúró sí tí wọ́n ń ka ọ̀bọ. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibi tí ẹ̀yin ń rìn lẹ yà yìí o." Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Wọ́n mú wa lọ sídìí máńgòrò lẹ́yìn ṣálángá, ibẹ̀ lọ̀bọ ń gbà bọ́ sórí páànù. Èso tí wọ́n bù jẹ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n jù nù kún ilẹ̀, ọ̀kan há sí etí páànù, oje ẹ̀ ṣì ń kán.

Fọ́tò sátẹ́láìtì Sentinel-2 la máa lò báyìí, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá ni ojú tiẹ̀. Igbó náà á di ojú 7,500, máńgòrò tó tóbi bíi ti ìyá yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ojú tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀gá mi kan pè mí nírọ̀lẹ́, wọ́n ní, "Àbúrò, fún wọn lóhun tí wọ́n fẹ́ jàre, kó o gba ìgbéga ẹ." Mo ní ẹ ṣé sà. Mi ò ní fún wọn. Jọ́nà míì ni mo máa gbé e lọ, bó bá pẹ́ kó pẹ́.

Aago mẹ́fà àbọ̀ la máa padà lọ lọ́la, ká fi GPS mú ìdí igi yẹn àti gbogbo ilé etí igbó tó bá gbà wá láyè. Ìyá ní ká ra búrẹ́dì dání o, tàwọn ni, kì í ṣe tọ̀bọ.