Hítà ọkọ̀ àtijọ́ mi: bí mo ṣe rí àárín ooru àti òtútù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ hítà ni mo gbé wá lónìí, torí ọdún kejì rèé tí èmi àti hítà inú píkọ́ọ̀pù mi yìí ti ń fà á, ọkọ̀ náà ti lé ní 40 ọdún, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kí n tà á torí pé ó ń gbóná jù.

Bó ṣe ń ṣe mí nìyí. Lífà kékeré kan wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, apá kan ẹ̀ jẹ́ búlúù, apá kejì pupa. Tí mo bá fà á dé ìparí búlúù, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣì ń jáde. Tí mo bá wá sún un síwájú bí ìbú ìka kan péré báyìí, inú ọkọ̀ á ti dà bí ìdí ààrò. Láti ibẹ̀ títí dé ìparí pupa, ooru kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀. Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, àwa mẹ́ta la máa ń jókòó sórí ẹ̀, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin láàárín, ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ sì wà gan-an ni ihò hítà kọjú sí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa nǹkan yìí, ẹsẹ̀ ọmọ ti ń gbóná." Màá pa á. A ò tíì rìn jìnnà, "Dádì, òtútù ń mú ọmọ o." Màá ṣí i padà. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé kí n ṣí hítà gbayawu kí n sì já wíńdò sílẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ń jó, etí ń tutù, oorun ń kun èmi tí mo wà nídìí sítíárì. Oorun yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ìgbà tó yé mi ni mo tó rí ojútùú. Hítà ọkọ̀ olómi kò ní iná tirẹ̀. Rádíétọ̀ kékeré kan ló wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, omi gbígbóná tó ń ti ara ẹ́ńjìnnì bọ̀ á gba inú ẹ̀ kọjá, fáànù á wá fẹ́ atẹ́gùn gba ara ẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Bí omi yẹn ṣe máa gbóná tó, ọwọ́ thermostat ẹ́ńjìnnì ló wà, ìyẹn fáàfù kékeré tó máa ń ṣí fúnra ẹ̀ tí omi bá ti gbóná tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 82 sí 90 digíríì. Ọ̀nà méjì làwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì máa ń gbà dín ooru yẹn kù. Ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí omi máa ṣàn nígbà gbogbo, kí wọ́n wá fi ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan sínú àpótí hítà tó máa ń po afẹ́fẹ́ tútù mọ́ èyí tó gbóná. Ìkejì, kí wọ́n fi fáàfù sójú họ́ọ̀sì, kí wọ́n máa dín omi fúnra ẹ̀ kù. Tèmi, oní fáàfù ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́.

Ìṣòro fáàfù omi ni pé rádíétọ̀ kékeré yẹn kò nílò omi púpọ̀ kó tó gbóná kárí. Omi díẹ̀ tó bá ti ráyè wọ ibẹ̀ á ti gbé ooru tó pọ̀ dání, kẹ́ ẹ wá fi ìlọ́po mẹ́ta kún omi yẹn, ìwọ̀nba ni ooru máa fi lé. Mo fojú ara mi rí i. Mo ki tẹmómítà bọ ẹnu ihò hítà, ìta wà ní digíríì 6 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wa ọkọ̀ lórí eré kan náà, ìyàwó mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lífà ní ìparí búlúù: 31. Ìdá mẹ́rin ọ̀nà: 47. Ìdajì: 52. Gbogbo ẹ̀: 54. Ẹ wò ó! Ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ ti jẹ gbogbo iṣẹ́ tán, ìyókù lífà kàn wà níbẹ̀ ni. Àti 31 yẹn, nígbà tó yẹ kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta lásán, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Nǹkan míì tún wà tó ń da ìwọ̀n yẹn rú. Pọ́ńpù omi, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, torí náà bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré omi á ṣàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ omi á rọra máa wọ́. Ìdí nìyẹn tí lífà tẹ́ ò fọwọ́ kàn rárá á fi máa mú ooru lọ sókè sódò bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń tẹ iná. Ọkọ̀ tó ń po afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí, mo gbà pé òun ló dáa jù.

Bàbá kan tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí mi ló fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí n gbé lífà sí búlúù, kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Rọra fọwọ́ kan họ́ọ̀sì tó ń wọlé."

"Ó gbóná o, Bàbá."

"Èyí tó ń jáde ńkọ́?"

"Òun náà gbóná, sà."

"Ọmọ mi, kí lo tún ń wá? Fáàfù ẹ ò tì."

Lóòótọ́ kò tì. Fáàfù náà dáa, kébù tó so ó mọ́ lífà ni kò dáa. Kébù yẹn dà bíi ti bíréèkì kẹ̀kẹ́, wáyà líle nínú, èèpo níta, kílípì kékeré kan ló sì di èèpo yẹn mú lẹ́bàá fáàfù. Kílípì yẹn ti yọ̀. Tí mo bá fa lífà, wáyà àti èèpo ẹ̀ jọ ń lọ pọ̀ ni, apá fáàfù á wá dúró nígbà tó ku díẹ̀ kó tì. Mo rí ibi tí èèpo ti ha ara ẹ̀ mọ́ irin, ó ń dán yinrin bí owó ẹyọ tuntun. Mo tú súkúrù, mo gbé lífà sí búlúù àmọ́ mo ṣẹ́ bí 3 mm kù kó tó kan ìparí, mo fọwọ́ ti apá fáàfù títí ó fi tì pátápátá, ìgbà yẹn ni mo tó di kílípì padà. Mílímítà 3 yẹn ṣe pàtàkì, òun ló máa jẹ́ kí fáàfù tì pa kí lífà tó kan ògiri. Ẹ má fi agbára fà á tó bá le o, ẹ kán òróró díẹ̀ sí wáyà, ẹ máa mì ín lọ mì ín bọ̀, ike tó wà lórí lífà tó ti gbó kì í pẹ́ ṣẹ́.

Mo tún wọn afẹ́fẹ́: lífà ní búlúù, 9. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Àmọ́ àárín ṣì sọnù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra fáàfù onídẹ kékeré, irú èyí tó ní orí róbótó tí wọ́n máa ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ṣí tán, kì í ṣe elápá gbọọrọ tó jẹ́ pé ẹ fọwọ́ bà á lásán ó ti ṣí yàà. Mo gé họ́ọ̀sì tó ń wọlé, 16 mm ni ihò inú ẹ̀, mo ki fáàfù yẹn sí i, kílípì lápá ọ̀tún, kílípì lápá òsì. Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù dáadáa ni mo fi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ tó gbóná láéláé. Ẹ sì nu kúláǹtì, ìyẹn omi inú rádíétọ̀, tó bá dà sílẹ̀, májèlé ni, ó ń dùn lẹ́nu, ajá àti ológbò máa ń lá a, ó sì ń pa wọ́n. Mo ṣí fáàfù tuntun yẹn ní ìyípo kan àbọ̀, mo fi í síbẹ̀. Ó ti wá dín omi tó lè dé ọ̀dọ̀ lífà kù, lífà ti wá ní iṣẹ́ ṣe láti ìparí kan dé èkejì: ìdá mẹ́rin 22, ìdajì 31, gbogbo ẹ̀ 41. Tí òtútù bá le gan-an màá fi ìdajì ìyípo kún un, màá kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni.

Kẹ́ ẹ tó ṣe irú ẹ̀, ẹ wádìí ẹ́ńjìnnì yín o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà hítà yẹn ni omi ń gbà yí ká kí thermostat tó ṣí, tẹ́ ẹ bá dí i, apá kan ẹ́ńjìnnì lè gbóná jù. Fún irú wọn, fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́rin lẹ máa lò, tó bá ti di hítà ó máa darí omi padà sẹ́ńjìnnì.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ni àlàyé mi yìí bá mu. Volkswagen Beetle tó ń lo ẹ́ńjìnnì aláfẹ́fẹ́ kò ní omi kankan, ara páìpù ẹ̀sọ́ọ̀sì ni afẹ́fẹ́ ti ń gba ooru, tí páìpù yẹn bá wá lu, èéfín olóró tí kò ní òórùn lè bá a wọlé, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Nash ti fi thermostat sí hítà inú ọkọ̀ láti 1939, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, àwa kan ṣì ń fọwọ́ sún lífà.

Tó bá jẹ́ pé òtútù ni ìṣòro tiyín, ẹ kọ́kọ́ wo thermostat, tó bá há ní ṣíṣí, omi ò ní gbóná tó. Tí họ́ọ̀sì kan bá gbóná tí èkejì tutù nígbà tí lífà wà ní pupa, àfàìmọ̀ kí rádíétọ̀ kékeré yẹn má ti dí, tàbí kí afẹ́fẹ́ há sínú ẹ̀. Tí gílàásì bá ń bò fún ìkùukùu tó yọ̀, tí òórùn dídùn kan sì ń jáde, tí kápẹ́ẹ̀tì lápá èrò rin, ó ti ń jò nìyẹn, ẹ má fi falẹ̀.

Ọmọ mi ló ní ká fi ọ̀dà funfun sàmì sára dáṣíbọ́ọ̀dù. A kán ọ̀kan sí ibi tó bá ìyá ẹ̀ lára mu, a kán ìkejì síbi tó bá èmi mu. Ìkẹta, ó kán an fúnra ẹ̀, ó jìnnà sí tèmi díẹ̀, sápá búlúù. Ibẹ̀ ni lífà sábà máa ń wà báyìí.