Abẹ́ Ń Yún Yín? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Àárín Ìka Ọwọ́ Yín

Ó lé ní oṣù kan tí mo fi ń họ abẹ́ ní kọ̀rọ̀ kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án, tí mo bá wà lábẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé mú mọ́ra. Àmọ́ tó bá ti di alẹ́, tí mo ti dùbúlẹ̀ tí ara ti móoru, ìgbà yẹn gan-an ni yóò tó bẹ̀rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i ní balùwẹ̀. Kókó pupa wẹ́wẹ́ ni mo rí, mẹ́ta lára okó, bíi mẹ́fà lára awọ ẹpọ̀n, wọ́n sì le lọ́wọ́. Ẹ má bínú pé mo pè é bẹ́ẹ̀. Àdàpè wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ lára mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì, "ibì kan ń yún mi" ni mo sọ, òun náà sì fún mi ní òògùn ibì kan.

Ìpara inú tíúbù ni, irú èyí tí wọ́n po oríṣi mẹ́ta pọ̀ sí: ọ̀kan ń pa kòkòrò làpálàpá, ọ̀kan ń pa bakitéríà, ìkẹta sì jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń bóra mọ sítẹ́rọ́ọ̀dù yìí dáadáa, wọ́n ń pò ó mọ́ ìpara wọn. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ara tù mí, mo ní Olúwa ṣeun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti padà dé pẹ̀lú èlé, awọ ibẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ débi pé omi ìwẹ̀ lásán ń ta mí. Awọ ẹpọ̀n máa ń fa irú ìpara bẹ́ẹ̀ mu ju awọ apá lọ fíìfíì. Ṣe ni sítẹ́rọ́ọ̀dù ń pa ìyúnra lẹ́nu mọ́, tí ohun tó fà á sì ń gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Mo mu àgbo àtọ̀sí náà. Mo da òògùn apakòkòrò sómi ìwẹ̀, ìyẹn bó mi lára. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní kí n fín òògùn ẹ̀fọn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé.

Èyí tó burú jù ni ohun tí mò ń rò sí ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé èmi ò jáde. Tí kì í bá ṣe èmi, ta ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ fóònù rẹ̀ wò, mo sì ń kẹ̀yìn sí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣé òun náà ti ń rí mi tí mò ń họra, ó ti ń bi ara rẹ̀ pé níbo lọkùnrin yìí ti gbé e wá. Àyíká ìdodo àti abẹ́ ọmú ń yún òun náà, ó kàn ní ooru ni.

Dókítà tí mo bá níléèwòsàn ìjọba kò ju ọmọ àbúrò mi lọ, obìnrin sì ni. Ojú tì mí. Mo ti ń tú bẹ́líìtì nígbà tó ní, "Ẹ na ọwọ́ yín ná, sà." Ó wo àárín ìka mi, ó wo ọrùn ọwọ́, ó fi ìlà tín-ín-rín kan hàn mí, bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á ní wọ́gọwọ̀gọ. Mo ti rò pé bẹntiróòlù ló ń bó mi lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé ta ló tún ń họra nílé. Níbẹ̀ ni orí mi ti wálé: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa láti ilé ìwé tí wọ́n ń sùn sí, òun àti àwọn ìbejì mi ló jọ ń sùn, àwọn ìbejì sì máa ń rá wá sórí bẹ́ẹ̀dì wa lóru.

"Kúrúnà ni, sà."

Kòkòrò tí kò gùn tó ìdajì mìlímítà ló ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, tó sì ń yé ẹyin síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò mú èèyàn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ọmọ náà ti padà síléèwé kí tèmi tó yọjú, n ò ṣe ní fura sí ìyàwó mi? Ìbálòpọ̀ lè gbé e fúnni lóòótọ́, àmọ́ kí ara kan ara pẹ́ lórí ẹní kan náà ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n pa tì ní 2017.

Síbẹ̀, dókítà wo abẹ́ mi, ó bi mí ní ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì. Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun ni? Nítorí abẹ fífá náà ń mú kókó tó ń yún wá. Làpálàpá, itan ló sábà máa ń gbà, ó sì máa ń yọ ẹpọ̀n sílẹ̀. Tí orí okó bá pupa, tí nǹkan funfun wà níbẹ̀, ó yẹ kí èèyàn yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò. Èyí tó bá lé ròrò olómi tó ń dunni, tàbí egbò kan ṣoṣo tí kì í dunni rárá, ẹ má fi ṣeré. Ìkejì yẹn lè jẹ́ sífílíìsì. Bákan náà ni tí ọyún bá ń jáde lójú ìtọ̀, tàbí tí ibà bá wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí nǹkan kan.

Ìpara permethrin 5% ló kọ fún wa. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni, pẹ̀lú abẹ́ èékánná, ìdodo, àárín ìdí àti abẹ́, lálẹ́, ká sì wẹ̀ ẹ́ kúrò láàárọ̀, ó kéré tán lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ. Ọjọ́ keje, a tún un ṣe. Gbogbo ilé ló para lálẹ́ ọjọ́ kan náà, àtẹni tó ń yún àtẹni tí kò yún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó tọ́jú ọmọ rẹ̀ náà. Òògùn olómi funfun tó ń jẹ́ benzyl benzoate wà, àmọ́ ó máa ń ta abẹ́ tí èèyàn bá ti họ. Aláboyún àti ẹni tó ní ọmọ ìkókó, kí wọ́n sọ fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. A fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, a sá wọn sóòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, a dì í sínú ọ̀rá fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun tẹ́nì kan kì í sọ fúnni ni pé ìyúnra kì í lọ lọ́jọ́ kan náà. Tèmi tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yún, kókó ara ẹpọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méjì kó tó pòórá. Mo ti ń wojú kẹ́mísì lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó padà sọ́dọ̀ dókítà, tó ní kòkòrò ti kú, ara ló ṣì ń bínú sí òkú rẹ̀.

Alẹ́ tí a kọ́kọ́ para ni mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi. Ìpara wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi pa mí lẹ́yìn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ mi sókè sí iná.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti rí àlè mi báyìí? Àárín ìka yín ló ń gbé."