Mo Ṣíṣọ Lójú Eégún Níwájú Ẹgbẹ́ Onílé

Láti ìpàdé Sátidé yẹn, ọdẹ àdúgbò wa kì í dáhùn bí mo bá kí i. Tó bá dé ilé àwọn ẹlòmíràn, á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, á kọjá lọ. Tó bá dé abẹ́ fèrèsé tèmi, á dúró. Á fun ún títí ajá ilé kejì á fi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ á jí. Ìyàwó mi á yíjú sí mi nínú òkùnkùn, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí kò bá sọ nǹkan kan gan-an ló ń sọ ọ́.

Bookmarklet ló kó bá mi.

Ẹ mọ̀ mí náà, tí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ara mi kì í balẹ̀. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ ló fi hàn mí pé bookmark tí à ń fi àdírẹ́sì ìkànnì pa mọ́ sí lókè Chrome, browser tí mo fi ń wo ìkànnì, kò kọ nǹkan mìíràn. Dípò kí o fi https bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì náà, fi javascript: bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí o to àṣẹ tẹ̀ lé e, ó di bookmarklet nìyẹn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, kò ní gbé ọ lọ síbì kankan. Orí ojú ewé tó wà níwájú rẹ ni yóò ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. O ò ní fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà, o ò ní sanwó. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tó ti ní ọ̀fẹ́ ni yẹn, mi ò gbọ́ ìyókù mọ́.

Kò pẹ́ tí òkè Chrome mi fi dà bí àtẹ alágbo: ti ibà wà, ti jẹ̀díjẹ̀dí wà, èyí tí wọn kì í dárúkọ lójú ọmọdé náà wà. Mo sọ gbogbo wọn lórúkọ. "Sáré" ń mú fídíò sáré ní ìlọ́po méjì. Òun ni mo máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ní ká wo fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́. "Kọ ọ́" ń sọ ojú ewé èyíkéyìí di ibi tí èèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ṣí ìwé ìròyìn kan, mo pa orúkọ gómìnà rẹ́, mo fi tèmi sí i. Lójú kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ti hàn o, ẹlòmíràn kò lè rí i, bí mo bá sì tẹ F5 láti tún ojú ewé náà ṣí, ó ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀ mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ṣe gómìnà dáadáa. Mi ò yá owó, mi ò wólé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí bátìrì kú ni ìjọba mi ṣubú.

"Tóbi" ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ìyẹn ló ń mú kí lẹ́tà tóbi. Mo kọ javascript:document.body.style.zoom='150%', mo na apá, mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìròyìn tí mò ń kà pòórá. Ojú ewé funfun báláú, 150% nìkan ló kù lórí ẹ̀. Ìyàwó mi ń kọjá lọ sí kíṣìnnì, ó bẹjú wò ó, ó ní, "Kí ni wọ́n tún fi kún owó ẹ̀? Iná àbí epo?" Ó gbà mí lákòókò kí n tó mọ̀ pé bí àṣẹ náà bá parí tí ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu, browser á gbé ọ̀rọ̀ yẹn, á fi rọ́pò gbogbo ojú ewé. void(0) ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo fi sí i. Orí mi wá ń wú, mo tún un ṣe débi pé bí mo bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni lẹ́tà á máa fi ìdajì kún ara ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Brendan Eich tó dá JavaScript, èdè tí a fi ń kọ àwọn àṣẹ yìí, sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ Netscape lọ́dún 1995, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ṣe ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá! Ẹgbẹ́ onílé tiwa ti lò ju ìyẹn lọ lórí ọ̀dà tí a máa fi kun géètì, a ò sì tíì kùn ún.

Ṣùgbọ́n baba gbogbo wọn ni "Eégún". Bí a bá ń tẹ páàsìwọ́ọ̀dù, àmì tóótòòtóó dúdú nìkan là ń rí. Àṣé aṣọ lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ ẹ̀ digbí. Wọ́n kàn ní kí ó má hàn sí ẹni tó jókòó tì ọ́ ni. Eégún á wá gbogbo àpótí páàsìwọ́ọ̀dù tó wà lójú ewé, á sọ wọ́n di àpótí ọ̀rọ̀ gbẹ̀fẹ́, aṣọ á ṣí, ojú á hàn. Ó wúlò fún irú èmi yìí, tí Chrome ń bá rántí gbogbo nǹkan, tí èmi gan-an ò rántí ìkankan.

Orí òkè Chrome náà, Tóbi ló ṣíwájú, Eégún ló tẹ̀ lé e. Wọ́n fara kan ara wọn.

Ó wá di ọjọ́ ìpàdé. Láti ìgbà kòrónà la ti gbé ìpàdé wa lọ sórí Zoom, tí a ò sì gbé e padà mọ́, torí pé kò sẹ́ni tó máa ra mínírà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Èmi náà ni mò ń kọ Ẹ JỌ̀WỌ́ Ẹ SAN OWÓ ỌDẸ YÍN sórí WhatsApp lóṣooṣù, lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Wọ́n ní kí n fi àkáǹtì hàn wọ́n. Mo fi ojú kọ̀ǹpútà mi hàn wọ́n, mo ṣí ìkànnì tí a fi ń gba owó àdúgbò. Ìkànnì náà ti lé mi jáde, ó ní kí n wọlé padà. Chrome ti bá mi kọ orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù síbẹ̀, tóótòòtóó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Bàbá Alága ní, "Akọ̀wé, mi ò rí nǹkan kan. Jẹ́ kó tóbi."

Mo ní, "Ó ti tóbi, sà." Mo tẹ̀ ẹ́.

Eégún ni mo tẹ̀.

MiOSanOwoOde#1

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Ọdún tí mo ṣí àkáǹtì yẹn ni wọ́n fi owó kún owó ọdẹ, inú sì ń bí mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìkànnì ní kí páàsìwọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ńlá nínú, mo fi sí i. Ó ní kó ní nọ́ńbà, kó tún ní àmì kan, mo fi # àti 1 sí i kí n lè rí ọ̀nà lọ. Mo san owó náà o! Rìsíìtì ń bẹ. Páàsìwọ́ọ̀dù yẹn ni mi ò pààrọ̀, torí pé nínú gbogbo tèmi, òun nìkan ni mo máa ń rántí.

Ìpayà dé. Mo ní kí n yára pa á dé. Èmi tí mo gbọ́n, bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eégún ni mo sáré tẹ̀. Tóbi. Páàsìwọ́ọ̀dù mi fi ìdajì kún ara ẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó tún fẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mò ń tẹ̀ ẹ́ ni, ó ń wú ni, títí MiOSan fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tí ìyókù wọ inú ògiri lọ. Mo bá pa Chrome pátápátá. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gan. Lójú tèmi ó ti lọ. Lójú ti gbogbo onílé ó ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n sì ní àyè láti kà á dáadáa.

Bàbá Alága kà á sókè. Mo mọ̀ pé wọ́n á kà á sókè, lẹ́tà ìkéde ilé ìtajà gan-an, wọ́n máa ń kà á sókè. "Mi... o... san... o... wo... o... de." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi ohùn sí i. "Mi ò san owó ọdẹ!" Kò tíì tán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àmì náírà kò sí lórí kíbọọ̀dù ọ̀pọ̀ wa, # ni gbogbo wa fi ń kọ ọ́. Bàbá rí #1. Wọ́n ní, "Náírà kan!"

Ìyá Ìbejì ní, "Háà! Náírà kan pàápàá, wọn ò ní san?"

Mo ní kì í ṣe náírà. Mo ní àmì lásán ni, ìkànnì ló ní kí n fi sí i. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹ máa ṣàlàyé fún èèyàn mẹ́tàdínlógún lórí Zoom pé ìkànnì ló ní kí ẹ fi náírà kan kún ọ̀rọ̀ yín. Ìgbà yẹn ni mo rí fìlà kan lẹ́yìn Bàbá Alága, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà náà. Ọdẹ wa ni. Torí owó tí wọ́n jẹ ẹ́ ló fi wá kí Bàbá, wọ́n sì ní kó jókòó, kó gbọ́ bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́.

Ìyàwó mi tó wà ní yàrá kejì ní, "Dádì Tẹ̀mi, ọjọ́ ìbí ọmọ ni àwọn èèyàn fi ń ṣe páàsìwọ́ọ̀dù."

Lẹ́yìn ìpàdé, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbà pé èébú ni. Akápò ló kọ́kọ́ pè. Ó kí mi, ó bi mí léèrè ara ilé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ti owó ọdẹ. Nǹkan tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn, tó ń fi èyí tó wà lábẹ́ hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Pásítọ̀ náà pè, wọ́n ní fún ìmọ̀ lásán ni. Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ ṣe àwáwí. Tablet Bàbá Ìbejì ló ní òun fẹ́ lò ó fún. Àwọn tí wọ́n ń pariwo "háà" ní wákàtí kan sẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ ọdẹ ti di ohun àná. Ọdẹ nìkan ni kò gbàgbé.

Mo fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀. Akápò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi àdírẹ́sì dípò kó ṣe é ní bookmark; Chrome bá já javascript: iwájú ẹ̀ dànù. Àwọn tó ṣe Chrome mọ irú wa ni, torí àwọn oníjìbìtì tó ń ní kí èèyàn lẹ àṣẹ tí kò yé e mọ́bẹ̀ ni wọ́n ṣe ń já a. Ti Pásítọ̀, fóònù wọn ti bá wọn tẹ gbogbo àmì ' kó lè lẹ́wà, ó di ’, àṣẹ náà ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní bóyá ẹ̀mí kan ló dí i lọ́wọ́. Mo ní bóyá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ kànkùn. Bàbá Alága fúnra wọn ni, láàpútọ́ọ̀pù nínú lẹ́dà lábẹ́ apá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní, "Dìde ńbẹ̀. Bá mi fi Eégún yẹn síbí."

Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ló ń bá wọn tún gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà náà ṣe. Páàsìwọ́ọ̀dù ìmeèlì wọn, òun ló mọ̀ ọ́n. Ó ti wá sú Bàbá. Wọ́n ní ohun ìní àwọn ni, àwọn fẹ́ mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Mo bá wọn to àṣẹ náà, mo fún wọn ní máòsì. Ìwé ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lé lórí. "Kò ṣiṣẹ́." Mo ní kò sí eégún níbẹ̀ ni, sà. A ṣí ibi tí wọ́n ti ń wọ ìmeèlì wọn. Tóótòòtóó hàn. Bàbá tún awò ojú wọn ṣe, wọ́n fa ọwọ́ agbádá sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

BabaTunGbagbe5

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ba... ba... tun..." Mo gbójú sókè, mo ń wo fáànù. Kò ṣẹlẹ̀ rí kí fáànù wù mí tó bẹ́ẹ̀ wò. "...gba... gbe." Ilé pa rọ́rọ́. Tẹ̀mi tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bojú wò ó, ó gbé ojú sínú ìwé.

"Kí ni 5 yẹn?"

"Bóyá oṣù tí wọ́n bí yín ni, sà."

"Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n bí mi." Wọ́n ronú díẹ̀. Mo rí i lójú wọn bí wọ́n ṣe ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti pe Kánádà. Wọ́n na ọwọ́ sí láàpútọ́ọ̀pù náà. "Báwo ni wọ́n ṣe ń dá aṣọ ẹ̀ padà?"

Mo ní, "Ẹ tẹ F5, sà."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ìwọ náà?"