Àyẹ̀wò Ọdún: Kí Ló Kù Kí Sípáníìṣì Inú Ilé Tó Di Sípáníìṣì Inú Kíláàsì?

Ní Texas, òfin ti là á kalẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 20 tí èdè ilé wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tíì já gaara, bá wà ní ìpele kíláàsì kan náà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kan, dandan ni kí ìgbìmọ̀ náà pèsè ẹ̀kọ́ elédè méjì fún wọn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sípáníìṣì ni èdè náà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tí yóò di tíṣà àwọn ọmọ yẹn ni à ń kọ́. Bí ọdún ṣe ń relé, ohun kan ṣoṣo la fẹ́ fi yẹ iṣẹ́ wò: ṣé ohun tí a kọ́ wọn tó kí wọ́n fi Sípáníìṣì kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti àárọ̀ di ọ̀sán?

Ẹnu ìyá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti gbọ́ Sípáníìṣì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹ̀kọ́ fi tọ́ wọn dàgbà. Wọ́n lè fi ná ọjà, wọ́n lè fi bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ wá ní kí wọ́n fi ṣàlàyé bí a ṣe ń pín ìdá kan sí òmíràn: ọ̀rọ̀ á há sí wọn lẹ́nu. Láti 1979 ni Jim Cummins, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ elédè méjì, ti ya èdè ìtàkúrọ̀sọ sọ́tọ̀ kúrò lára èdè ẹ̀kọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gbọ́ èdè yékéyéké tí kò sì lè fi kọ lẹ́tà, kò nílò àlàyé lórí èyí.

Àṣìṣe tó tóbi jù lọ wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́. Sáà kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí 3 lọ́sẹ̀, wákàtí 45 lápapọ̀. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò, tí a wá sọ fún un pé "ìwọ yóò fi Sípáníìṣì ṣe é", wákàtí 45 ti lọ láì sí ọ̀rọ̀ kan tí yóò lò. Èyí ló mú kí a kó ẹ̀kọ́ ìlànà ìkọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìwé kíkà bọ́ sínú Sípáníìṣì pátápátá. Ó ná wa ní nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ máa ń falẹ̀, orí ìwé tí à ń parí sì dín kù. A gbà á bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ́ kò tún nílò ìtumọ̀ mọ́.

Inú ìṣirò ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn jù. Ẹni tó bá túmọ̀ billion ní tààrà yóò sọ fún ọmọ pé un billón, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni billón. Mil millones ló tọ́, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù gan-an. Onceavo jẹ́ ìdá kan nínú mọ́kànlá. Ohun tó wà ní ipò kọkànlá ni undécimo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń fi ọ̀kan ṣe méjèèjì, ọmọ á sì da ìdá pọ̀ mọ́ ipò. Àmì tó ya odidi nọ́ḿbà kúrò lára ìdámẹ́wàá jẹ́ ojú àmì (.) ní Mẹ́síkò, ó sì jẹ́ kọ́mà (,) ní Ajẹntínà àti Spéènì. Pínpín gígùn náà yàtọ̀: ẹni tó kàwé ní Mẹ́síkò sábà máa ń ṣe ìyọkúrò lọ́kàn, á kọ ìyókù nìkan sílẹ̀. Bí bàbá bá ti kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, tíṣà tí kò mọ̀ ọ́n á kọ ọ́ sí ìwé ọmọ pé kò fi iṣẹ́ hàn. A ti sọ ọ́ di dandan báyìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ìpínpín mẹ́wàá ní ọ̀nà méjèèjì kó tó lọ bá ọmọ.

(Àwa tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, mọ̀ pé ṣíṣe ìwé àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ló gba agbára níbẹ̀ pẹ̀lú.)

Àṣìṣe tó fara pamọ́ jù wà nínú ìwé kíkà. Láti 2021 ni Texas ti ń béèrè ìdánwò lórí ìmọ̀ ìkọ́ni ní ìwé kíkà lọ́wọ́ àwọn tíṣà ọmọ kékeré, orí Gẹ̀ẹ́sì ló sì dúró lé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kà fún un, á yege, á wá gbé gbogbo rẹ̀ wọ Sípáníìṣì bó ṣe rí. Kò bá a mu. Sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é gbára lé, nítorí náà ọmọ ń há ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sórí. Sípáníìṣì sún mọ́ Yorùbá ní tirẹ̀: fáwẹ̀lì rẹ̀ márùn-ún kì í yẹ̀, sílébù sì ni òpó. Fáwẹ̀lì la fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà m, p, s, l, torí wọ́n tètè ń di ọ̀rọ̀: mamá, mesa, sopa. Ó kan sílébù tí kọ́ńsónáǹtì parí, bíi sol àti pan, kó tó kan tra àti bla. Ibi tó ń gbé ọmọ ṣubú ni c àti g: ca, co, cu, ṣùgbọ́n que, qui; ga, go, gu, ṣùgbọ́n gue, gui. Bí tíṣà bá kó wọn pọ̀ sínú ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ á máa pe u inú guitarra, tí kò ní ìró, jáde. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ọ̀kan fìdí múlẹ̀ kí èkejì tó dé. Kíkà ló rọrùn, kíkọ ló le, nítorí ìró kan náà ni b àti v, h kò sì ní ìró rárá.

Àmì orí fáwẹ̀lì náà wà níbẹ̀. Papa jẹ́ ọ̀dùnkún òyìnbó, papá jẹ́ bàbá. Hablo jẹ́ "mo ń sọ̀rọ̀", habló jẹ́ "ó sọ̀rọ̀". Ẹni tó ń kọ Yorùbá láì fi àmì sí i mọ irú ìṣòro yìí. Àpèkọ ló ràn wá lọ́wọ́: gbólóhùn mẹ́rin, kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bírò aláwọ̀ mìíràn tún ti ara rẹ̀ ṣe, kó sì sọ òfin tó fi tún un ṣe. Àyọkà kan náà la ń lò fún odidi ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a ń yí àyọkà lójoojúmọ́, àṣìṣe kan náà ló ń padà wá.

Fún ìdánrawò ìkọ́ni, ìṣẹ́jú 15 la ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fóònù á gbà á sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì kọ ìṣẹ́jú mẹ́ta jáde láti inú rẹ̀. Kì í ṣe àárín ẹ̀kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti sábà ń já wọlé, inú àṣẹ kéékèèké ni: ẹ tò, ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù yín, ẹ kó ìwé. Fórmense, sáquenle punta al lápiz, guarden sus cuadernos. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rí, torí Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà tiwọn náà ń sọ. A ti to irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ 60 jọ fún ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní.

Lẹ́tà sí òbí: usted ni, bí a ṣe ń lo ẹ fún àgbà. Buenas calificaciones ni máàkì tó dára, kì í ṣe buenos grados (good grades tí a túmọ̀ ní tààrà).

A gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú: haiga ("kí ó wà") tí ìyá àgbà ń sọ kì í ṣe àìmọ̀kan. Haya ni èdè ìwé ń lò, ó sì yẹ kí tíṣà mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkìtì ṣe ń kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò láì ju ẹ̀ka èdè rẹ̀ nù. Ẹni tí a bá dójú tì nítorí Sípáníìṣì ilé rẹ̀ á dákẹ́ ní kíláàsì wa, ẹni tó bá sì ti dákẹ́ kò ní yege ìdánwò èdè Texas, èyí tó ń béèrè gbígbọ́, kíkà, sísọ àti kíkọ, tí máàkì àṣeyege rẹ̀ jẹ́ 240 nínú 300.

Fún January, ibi tí a ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìdánrawò la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ aláàádọ́ta-sí-àádọ́ta pín ọjọ́ sí méjì, apá kan fún Gẹ̀ẹ́sì, apá kan fún Sípáníìṣì. Bí wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ bá bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì, á lo sáà kan níbẹ̀ láì gbọ́ ẹ̀kọ́ Sípáníìṣì kan. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, a ó gba táìmù tébù tíṣà tó fẹ́ gbà á, a ó sì fàlà sábẹ́ àwọn wákàtí tí Sípáníìṣì wà nínú rẹ̀.