Ta ló máa mọ̀?

Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní kọ nǹkan kan lónìí. Kí n pààrọ̀ okùn fíólà mi (ẹ̀gbọ́n fáyólìn ni, ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ohùn ẹ̀ sì relẹ̀), kí n fi yìnyín lé èjìká (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ẹ mọ ọ̀rọ̀ èjìká yẹn), kí n sùn, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Lẹ́yìn kọ́nsátì alẹ́ àná ni. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń ti fíólà bọ inú àpótí ẹ̀, bàbá kan àti obìnrin kan ń kọjá lọ, wọn ò rí mi. Obìnrin yẹn ní ó dùn gan-an. Bàbá ní ó dùn lóòótọ́, "àmọ́ ẹni tó jókòó láàárín yẹn, tó bá dìde lọ sílé, ta ló máa mọ̀?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà o, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ta ló máa mọ̀.

Kò sí àwàdà fíólà tí mi ò tíì gbọ́, àwa gan-an la mọ̀ ọ́n sọ jù, èyí tí mo mọ̀ lórí á ti ju ogún lọ, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí. Ìyẹn ò dùn mí. Ẹni tó ń fi ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ṣì mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ti bàbá yìí yàtọ̀, kò bú mi, ó kàn ń béèrè ni, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ mọ ìdáhùn.

Èyí tó tún wá ń ká mi lára ni pé orin Smetana la fi parí, kọ́tẹ́ẹ̀tì ẹ̀ àkọ́kọ́ (orin ẹlẹ́ni mẹ́rin: fáyólìn méjì, fíólà kan, àti ṣẹ́lò tó tóbi jù, tí ohùn ẹ̀ sì relẹ̀ jù), ti 1876, èyí tó fi sọ ìtàn ayé ara ẹ̀. Fíólà ló ń bẹ̀rẹ̀ orin yẹn! Gbogbo wa á lu kọ́ọ̀dù kan gbàà, lẹ́yìn náà àwọn tó kù á máa kùn nísàlẹ̀, èmi nìkan ni mo máa wá máa sọ̀rọ̀. Níbo ni bàbá yẹn wà nígbà yẹn? Bóyá ó ṣì ń wá àga ẹ̀. Àbí ó gbọ́ ọ, ó kàn rò pé ṣẹ́lò ni. Ó ti ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àbí ẹjọ́ fíólà fúnra ẹ̀ ni. Ara fáyólìn jẹ́ ìǹṣì 14, ó sì gba ohùn ẹ̀ rẹ́gí. Tiwa, okùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá relẹ̀ ju ti fáyólìn lọ ní ohùn márùn-ún, tá a bá fẹ́ kí ara ẹ̀ gba ohùn yẹn bó ṣe yẹ, á gùn tó ìǹṣì 21, ta ló máa gbé ìyẹn sábẹ́ àgbọ̀n? Tèmi jẹ́ 16 àtààbọ̀, ibẹ̀ náà ni ìrora èjìká ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn tóbi ju ilé ẹ̀ lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi máa ń há sí imú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sunkún tí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Ohùn yẹn gan-an ló mú mi níjọ́sí tí mo fi fi fáyólìn sílẹ̀. Mi ò lè wá máa ráhùn nísinsìnyí.

Mo sì ń ráhùn.

Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù láàárọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti san owó ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní ó tán.

Kò tán o. Ohun tó ń mú mi bínú sí ara mi ni pé, ṣé kì í ṣe nǹkan tí mo ń wá náà nìyẹn? Láàárín àwa mẹ́rin, iṣẹ́ mi ni kí fáyólìn àti ṣẹ́lò máa gbọ́ ara wọn yé. Tí mo bá ṣe é dáadáa kò yẹ kẹ́nì kan gbọ́ ibi tá a ti so ó pọ̀. Mozart pàápàá, tó mọ fáyólìn ta tó bẹ́ẹ̀, fíólà ló máa ń gbé tí wọ́n bá jókòó ṣe kọ́tẹ́ẹ̀tì. Bàbá yẹn wá yìn mí nìyẹn, àbí? Rárá. Kò yìn mí. Ẹ má jẹ́ ká parọ́.

Tó bá sì wá kan ìgbà tí mo máa dúró níwájú, tí gbogbo ojú á wà lára mi, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọwọ́ tó ń gbé bow, ọ̀pá tá a fi ń ta okùn, á máa gbọ̀n, màá máa wá àárín kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti dúró níwájú ọ́kẹ́sírà lọ́dún yìí, ìyókù jíjókòó ni, jíjókòó àti ọmọ kíkọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni kọnṣẹ́tò fíólà ti Walton, orin tí fíólà ń dá ta níwájú ọ́kẹ́sírà. Òun náà ní ìtàn tiẹ̀, Lionel Tertis, gbajúmọ̀ tó ń ta fíólà, ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ó wò ó, ó dá a padà, ni Hindemith, tó ń kọ orin tó sì ń ta fíólà, bá gbé e ṣe ní London ní 1929, Tertis wá padà gbà pé òun ṣe àṣìṣe, òun náà sì ta á nígbẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn Tertis nítorí àṣìṣe yẹn, èmi náà ti dá nǹkan padà rí tí mo ṣì ń wá a dòní. Mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Ẹni tí mò ń rò jù lónìí ni Paganini, ògbóǹtarìgì nídìí fáyólìn. Òun ló ní kí Berlioz, tó ń kọ orin, kọ nǹkan fún fíólà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, iṣẹ́ ọwọ́ Stradivari ni o, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń ṣe fáyólìn, nígbà tó wá rí ìwé orin yẹn, ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún òun, kò ta á rí. 1834 nìyẹn. 1838 ló tó gbọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ fún Berlioz lójú àwọn èèyàn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó fi ogún ẹgbẹ̀rún francs ránṣẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ní apá tó kẹ́yìn orin yẹn, fíólà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Ó lè dìde lọ sílé. Ta ló máa… ẹ ẹ̀ rí i, mo tún ti padà síbẹ̀.

Rìhásà wà lọ́sàn-án, kọ́tẹ́ẹ̀tì Haydn. Mo ṣe ohun tí kò dáa. Ní ibì kan tí mi ò ní ju nóòtì kéékèèké lọ, mo gbé bow sókè, mi ò ta nǹkan kan fún bárì mẹ́jọ. Mo fẹ́ mọ̀ ni jàre. Ẹni tó ń ta ṣẹ́lò wò mí lójú ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ le. Fáyólìn kejì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kò rí ohun tó máa fara tì mọ́. Fáyólìn àkọ́kọ́ ní tiẹ̀ di ojú, ó ń ta lọ ní tiẹ̀, nígbà tá a parí ó ní, "Ó fúyẹ́ lónìí o, ó dùn mọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé, mi ò lè sọ. Ẹni tó ń ta ṣẹ́lò nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, nígbà tá a ń palẹ̀ mọ́ ó rọra sún mọ́ mi, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Aago mẹ́wàá lọ̀la. Okùn C tuntun yìí ò tíì fẹ́ dúró síbi tí mo yí i sí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá, mo ti yí i lẹ́ẹ̀mẹrin látìgbà tí mo ti ń kọ èyí.