Eré ló gbè wọ́n

Sátidé. Ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, òjò ò sì rọ̀. Mo dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́, mo sun oorun wákàtí mẹ́ta, mo fọ aṣọ, mo ra ẹja, mo mú Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi, lọ gẹrun. Ohun tí mo ṣe lónìí ò ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni ò jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yẹn, ní òpópónà Bissonnet, níbí ní Houston. Bí ẹ bá bá ọkùnrin mẹ́jọ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mẹ́ta ló wá gẹrun, àwọn yòókù wá jiyàn ni. Arsenal ni wọ́n sábà máa ń jà lé lórí, èmi a sì jókòó sí kọ̀rọ̀ mi, màá ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Lónìí, ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù pupa University of Houston ló dáná ọ̀rọ̀. Ó ní kí kálukú sọ ìpinnu tó dáa jù àti èyí tó burú jù tí Guy Lewis ṣe nígbà tó jẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Lewis fi wà níbẹ̀, láti 1956 sí 1986. Ọmọ tó ń béèrè yìí, wọn ò tíì bí i nígbà tí Lewis fẹ̀yìn tì.

Bàbá Onífìlà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi ìka nu gíláàsì ojú ẹ̀. Ó ní, "Eré ló gbè wọ́n, ó ní kí wọ́n máa rìn."

Ṣọ́ọ̀bù gba ariwo. Ẹnì kan fọwọ́ lu àga. Èmi ní tèmi, ńṣe ni gbólóhùn yẹn já sí mi láyà bí òkúta ṣe ń já sí kànga. Kí ló kàn mí kan bọ́ọ̀lù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí kò yé, torí Bàbá ló sọ ọ́ fún èmi náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nílùú yìí nígbà náà. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, 1983, ní Albuquerque, ìdíje àṣekágbá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Houston dojú kọ North Carolina State. Ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní Phi Slama Jama nìyẹn: Hakeem Ọlájuwọ́n ọmọ Èkó wa, tí wọ́n ṣì ń kọ orúkọ ẹ̀ ní Akeem, Clyde Drexler, Michael Young, Larry Micheaux. Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n léra ni wọ́n ti borí. Wọn ò mọ ìrìn. Wọ́n á gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á sá, wọ́n á fò, wọ́n á kì í bọ apẹ̀rẹ̀ látòkè. Àwọn NC State, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ti fìdí rẹmi lọ́dún yẹn.

Wọ́n lọ sinmi, NC State wà níwájú pẹ̀lú 33 sí 25. Houston padà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré wọn, kò pẹ́ tí wọ́n fi kọjá. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pọ́ìntì méje ni wọ́n fi wà lókè. Ibẹ̀ ni Lewis ti ní kí wọ́n rọra. Kí wọ́n tú ká, kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù yípo, kí àkókò máa lọ. Kò sí aago tó ń lé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání nígbà yẹn. Ìgbà tó di 1985 ni wọ́n mú un wọ bọ́ọ̀lù yunifásítì káàkiri. Jim Valvano, kóòṣì NC State, kúkú ní kí àwọn ọmọ tiẹ̀ máa ṣe fáwùlù sí wọn kí aago lè dúró. Àwọn Houston á lọ síbi ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí fáwùlù bá wáyé, wọ́n á jù ú, kò ní wọlé. Ó di 52 sí 52. Alvin Franklin, tó jẹ́ ọmọ ọdún àkọ́kọ́, tún jù ú, kò wọlé. Ní ìkẹyìn pátápátá, Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn réré, kò dé apẹ̀rẹ̀, Lorenzo Charles ti NC State kàn gbà á lófuurufú, ó sì tì í wọlé látòkè. 54 sí 52. Ó parí. Ọmọ wa dúró nítòsí ibẹ̀, ojú ẹ̀ ń wòkè.

Eré ló gbè wọ́n.

Onígbàjámọ̀ ní ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ó ní Drexler ti ní fáwùlù mẹ́ta, Lewis fi í sílẹ̀ lórí pápá, ó sì gba ìkẹrin kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí èèyàn bá ti pé márùn-ún, ìta ló ń lọ, ta ló wá fẹ́ fi gbogbo ara ṣeré mọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, kílípà sì ń jó lórí ọmọ mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú orí ẹ̀."

Lórí èyí tó dáa jù, wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Ẹnì kan ní 1964, nígbà tí Lewis lọ mú Elvin Hayes àti Don Chaney wá láti Louisiana, àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì náà. Ní Texas, lásìkò yẹn! Ẹlòmíì ní rárá, Astrodome ni, ogúnjọ́ oṣù kìíní 1968. Lewis ló wá a títí tí wọ́n fi gbé ìdíje àárín òun àti UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, lọ sí pápá ńlá yẹn. Los Angeles ni wọ́n ti lọ kó pákó ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbá a. Èèyàn 52,693 ló wá wòran, Hayes nìkan jẹ pọ́ìntì 39, Houston borí pẹ̀lú 71 sí 69. UCLA ti borí ní ìgbà 47 léra kí wọ́n tó débẹ̀. Bàbá Onífìlà ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ìyókù ìtàn náà: ní oṣù kẹta ọdún kan náà, UCLA tún pàdé wọn, ó lù wọ́n ní 101 sí 69. Ó ní ẹni tó fi igi gún kìnnìún nídìí kò gbọdọ̀ tún gba ibẹ̀ kọjá.

Gbogbo yín ti mọ èyí tí èmi fara mọ́. Ọlájuwọ́n ni. 1980 ló dé, ó jókòó gbáko ọdún kan kó tó ṣeré fún wọn. Ọmọ tó ti Muslim Teachers' College l'Ékòó wá, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tó ti ṣọ́lé, tí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun sí i. Mo fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ Bàbá Onífìlà ti gbà á lẹ́nu ẹlòmíì: "Ìpinnu wo? Wọn ò lọ pàdé ọmọ náà ní pápákọ̀ òfurufú, takisí ló fúnra ẹ̀ wọ̀ wá!" Ẹ̀rín pa wá. Ó tún ní Moses Malone, àgbà eléré alápẹ̀rẹ̀ kan, ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ ní gbọ̀ngàn eré Fonde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe Lewis. Bóyá. Kóòṣì tó jẹ́ kí ọmọ jókòó fún ọdún kan láì kánjú, èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ ò rí i? Èmi náà tún ń yin ìrọra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọdún tó kọjá ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìkòròdú. Iṣẹ́ ilé tí mò ń kọ́ ń lọ geere nígbà yẹn, bíríkìlà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, a ti dé líńtẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró. Èmi ni mo pe Bọ̀dá mi lórí fóònù, tí mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ọlọ́gbọ́n sọ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká rọra ná, ká wo bí ọdún á ṣe rí." Mo wà lókè pẹ̀lú pọ́ìntì méje. Ọdún sì rí bó ṣe rí. Iye sìmẹ́ǹtì tí à ń rà nígbà yẹn, bí mo bá dárúkọ ẹ̀ báyìí, ẹ máa ní irọ́ ni mò ń pa.

Ṣùgbọ́n ṣé mo jẹ̀bi? Mo rò ó nínú ọkọ̀, mo tún rò ó nígbà tí mò ń fọ ẹja. Ìlú Albuquerque, orí òkè ni, ó ju ẹgbẹ̀jọ mítà ó dín ọgọ́rùn-ún lọ sókè òkun. Èémí máa ń ṣòro níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ bíi ti Houston. Àwọn ọmọ náà ti sáré títí. Kóòṣì rí i pé wọ́n ń mí hẹlẹ, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jù ú wọlé níbi ìlà ni, ọgbọ́n àgbà la ò bá máa pè é títí dòní. Èmi náà, iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Ó ti rẹ̀ mí. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí.

Ó dáa, ẹ tún wo Kelvin Sampson, kóòṣì Houston ní 2025. Wọ́n mẹ́nu bà á, ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀, torí kò tíì pẹ́. Ẹgbẹ́ tirẹ̀, ìrìn jẹ́jẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń jẹun. Wọn kì í kánjú. Ìgbà márùndínlógójì ni wọ́n fi ìrìn yẹn borí ní sáà tó parí ní 2025. Wọ́n dé àṣekágbá ní San Antonio, wọ́n fi pọ́ìntì méjìlá ṣíwájú yunifásítì Florida lẹ́yìn ìsinmi. 65 sí 63 ló já sí, Florida ló borí. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, wọn ò rí i jù. Pọ́ìntì méjì, lẹ́yìn ọdún méjìlélógójì. Àwọn yìí, ìrìn ló gbè wọ́n, ìrìn náà ni wọ́n rìn, ẹ̀yìn náà ló já sí. Kí ni Bàbá fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mi ò bi wọ́n. Àgbàlagbà ni wọ́n.

Ẹnì kan ń tù wá nínú pé Ọlájuwọ́n padà gba ife fún ìlú yìí pẹ̀lú Rockets, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun níbí, ní 1994 àti 1995, Drexler náà sì wà níbẹ̀ nígbà kejì. Irú ìtùnú yẹn máa ń bí mi nínú. Lewis ńkọ́? Ìgbà 592 ló borí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló mú wọn dé àárín mẹ́rin tó kẹ́yìn, síbẹ̀ 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wọ ilé ọlá àwọn eléré alápẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún 91. Ó kú ní 2015. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọgbọ̀n ọdún, òun ni wọ́n sì ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, òun lèmi náà ń kọ sílẹ̀ yìí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Ọ̀gá Kékeré bi mí láti ẹ̀yìn ọkọ̀, "Mọ́mì, kí ló dé tí Hakeem ò fò?"

Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣebí kóòṣì ti ní kí wọ́n máa sinmi?"

Mo tan rédíò.

Iwájú orí ẹ̀ wọ́ o. Apá òsì ga ju ọ̀tún lọ. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n yé jiyàn bí wọ́n bá ń gẹrun ọmọ ọlọ́mọ.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù báyìí, níbẹ̀ ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Mo kọ ọ́ sí Bọ̀dá pé, "Ẹ bá mi béèrè iye tí òrùlé jẹ́ báyìí." Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Kí n tó rí i fi ránṣẹ́, àwòrán kan ti wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn. Igi ìbẹ́pẹ tó hù nínú yàrá tó yẹ kó jẹ́ tèmi, ẹ rántí ẹ̀, ti yọ orí kọjá líńtẹ̀lì. Ó ti so. Méjì ti pọ́n.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kí n já a?"