Wákàtí 75 tọmọ mi ní Maryland, àdá tèmi n'Íbàdàn

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 16, ó sì ti dìbò. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní irọ́ ni, èmi náà ò kọ́kọ́ gbà. Takoma Park là ń gbé, ní Maryland níbí l'Amẹ́ríkà, àtọdún 2013 ni wọ́n ti ní kọ́mọ ọdún 16 máa dìbò yan méyọ̀ àti kánsẹ́lọ̀ ìlú, kódà àwa tá ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà náà ń dì í, ìyẹn ti wà látọdún 1992. Ti gómìnà àti ti ààrẹ kọ́ o, ti ìlú nìkan ni.

Èyí tó wá wú mi lórí jù ni iṣẹ́ tó ṣáájú ìbò yẹn. Ní Maryland, ọmọ iléèwé ìjọba ò lè gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdìrì àfi tó bá ti fi wákàtí 75 ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fáwọn tí ò rí jẹ ni tèmi ti ń ṣe tiẹ̀ ní Sátidé, á gbé agolo ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan, á yí ìdí ẹ̀ wò bóyá déètì ẹ̀ ti kọjá, èyí tó dáa lápá ọ̀tún, èyí tí ò dáa lápá òsì, tó bá ṣe tán wọ́n á buwọ́ lu fọ́ọ̀mù fún un. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní mọ́mì, kí ló dé táwọn ìyá àgbà yẹn ń fẹsẹ̀ rìn wá, ṣé bọ́ọ̀sì kì í gba ibẹ̀ ní Sátidé ni? Ìbéèrè yẹn náà ló bi ọkùnrin kan tó ń wá ìbò wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ọkùnrin yẹn sì dúró dá a lóhùn bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Èmi ńkọ́? Àdá ni wọ́n fi kọ́ tiwa. Ní Fúráídè kálukú á gba pọ́ṣàn koríko tiẹ̀, tíṣà á dúró tì wá tòun ti pàṣán, tó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ báyìí o jẹgba. Sátidé ìparí oṣù, torí ìmọ́tótó àyíká, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde láàárín aago 7 sí 10, ẹni tí sọ́jà bá rí lójú títì á fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Tíṣà Social Studies kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé ìjọba àwaarawa ni èyí táráàlú fi ara wọn ṣe fún ara wọn, a kọ́ ọ sórí bí orin, bẹ́ẹ̀ sọ́jà ló wà níjọba. Ní June 12, 1993 bàbá mi tò sórí ìlà láti dìbò ààrẹ, wọ́n padà wálé tayọ̀tayọ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba sọ́jà ti wọ́gi lé ìbò náà. Kò sí tíṣà kankan tó sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ara wa nílé o. Ọwẹ̀ tí bàbá bàbá mi bẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí, kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí. Fọ́ọ̀mù ibí yìí gan-an máa ń dùn mí nígbà míì, torí àwọn ọmọ kan, tó bá ti pé 75, ẹ ò rí wọn níbẹ̀ mọ́.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà n'Íbàdàn. Ló bá gé ìwé wẹ́wẹ́, ó gbé agolo Bournvita sórí tábìlì, ó ní káwọn JSS 2 òun dìbò yan kápútẹ́ẹ̀nì kíláàsì fúnra wọn. Ọmọbìnrin kan ló wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé káwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, wọ́n jiyàn ẹ̀ fún odidi píríọ́dù kan, àbúrò mi ní òun kàn jókòó sẹ́yìn ni, òun ò tiẹ̀ mú pàṣán wọlé.